Ẹ̀gẹ́ Tó Ń Ká Ewé Jọ: Kòkòrò Ìbejì Tó Ń Pààrọ̀ Ara Rẹ̀ Nínú Oko Wa

Bí ẹ bá ní ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé tàbí ní oko etílé, mo fẹ́ bẹ̀ yín ní iṣẹ́ kékeré kan. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, kí oòrùn tó mú, ẹ lọ dúró tì í, kí ẹ wo ewé rẹ̀ dáadáa. Ewé ẹ̀gẹ́ tí ara rẹ̀ dá máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́ tí èèyàn là, àwọ̀ rẹ̀ á sì dọ́gba láti ìdí dé orí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tí ewé náà ká jọ, tó rúnpọ̀ bí aṣọ tí wọn kò lọ̀, tí ibì kan lára rẹ̀ tutù, tí ibì kan sì pọ́n bí ìyeyè, ẹ̀gẹ́ yín ń ṣàìsàn nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rí èyí tí wọn kì í kà á sí. Àwọn kan á ní oòrùn ló pa á, àwọn kan á ní ilẹ̀ ló ti ṣá. Èmi náà wà lára wọn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo kọ ogójì ebè sẹ́yìn ilé mi, ọ̀rẹ́ mi kan sì fún mi ní igi ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn sí i. Nígbà tí ewé rẹ̀ yọ, àwọ̀ méjì ló ní, mo tilẹ̀ ń pe àwọn àlejò wá wò ó pé ó lẹ́wà bí òdòdó àwọn olówó. Ìyá mi wá kí wa, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ẹ̀gẹ́ yìí kò ní í ta." Mo rẹ́rìn-ín. Ó pé ọdún kan, a wú u. Gbòǹgbò tín-ín-rín tín-ín-rín la bá nílẹ̀, òmíràn kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ rin ẹ̀gẹ́ ládùúgbò wa wo ohun tí mo gbé dé, ó bi mí pé ṣé àwọn ọmọ ṣì ń ru ìyókù bọ̀ ni. Gàrí tó jáde nínú ogójì ebè kò tó wa jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí mo sì rí ju ohun tí mo rò lọ. Mósáíkì ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Kì í ṣe oòrùn ló ń fà á, kì í ṣe ilẹ̀, kì í sì í ṣe ayé. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ni, irú èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní fáírọ́ọ̀sì.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n fi ọkàn àwọn òbí balẹ̀. Òótọ́ ni pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fa kòrónà àti ọ̀pọ̀ àrùn mìíràn tó ń ṣe èèyàn, ṣùgbọ́n ti ẹ̀gẹ́ kò bá tiwọn tan rárá. Kò lè ran ọmọ, kò lè ran arúgbó, kò sì lè ran ewúrẹ́ tó jẹ ewé náà. Ẹ̀bà tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ tó ní mósáíkì ṣe kò lè gbé mósáíkì wọ inú ẹnikẹ́ni. Ohun tó léwu fún wa nínú ẹ̀gẹ́ ni oró tó wà lára rẹ̀ láti ilẹ̀ wá, yálà ara ẹ̀gẹ́ náà dá tàbí kò dá, òun náà la sì ṣe ń rẹ ẹ́ sómi, tí à ń rin ín, tí à ń dì í pa kí omi rẹ̀ ro kúrò, kí ó kan kí a tó yan án. Àwọn tó ń kánjú yan gàrí lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n rin ín, nítorí pé owó ọjà ń lé wọn, àwọn ni kí a máa bá wí. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ohun tí mósáíkì ń gbà lọ́wọ́ wa ni oúnjẹ. Ewé ni ẹ̀gẹ́ fi ń ṣe oúnjẹ tó ń kó pamọ́ sí gbòǹgbò. Bí ewé bá ká jọ, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣí, oúnjẹ díẹ̀ ló lè ṣe, gbòǹgbò á sì ṣófo. Igi tí àìsàn náà bá mú gidigidi lè pàdánù ju ìdajì ohun tó yẹ kó ta lọ. Ẹ rántí pé orílẹ̀-èdè wa ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo ayé, tọ́ọ̀nù tó lé ní mílíọ̀nù 50 là ń wú lọ́dọọdún. Ilé wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni kò ní gàrí tàbí láfún tàbí fùfú nínú ọ̀sẹ̀?

Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo kòkòrò yìí, ohun tí wọ́n rí ni bọ́ọ̀lù wíńníwínní méjì tó lẹ̀ mọ́ra wọn. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe pe ẹbí rẹ̀ ní geminivirus, ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ìbejì ló sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà. Àwa tí a mọ ìyì ìbejì ju gbogbo ayé lọ, irú ìbejì yìí kọ́ la ó máa se ẹ̀wà fún.

Inú bọ́ọ̀lù wọ̀nyí ni ìwé ìlànà rẹ̀ wà, èyí tí wọ́n ń pè ní DNA. Ìwé méjì ni. Ìkíní ń sọ bí wọn yóò ṣe máa ṣe ẹ̀dà kòkòrò náà àti bí wọn yóò ṣe rán aṣọ tó ń wọ̀. Ìkejì ń sọ bí yóò ṣe máa rìn káàkiri inú ara igi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju nǹkan bíi lẹ́tà 2,800 lọ. Àpilẹ̀kọ tí ẹ ń kà lọ́wọ́ yìí gùn ju ìwé méjèèjì pọ̀ lọ, síbẹ̀ ohun kékeré bẹ́ẹ̀ ló ń sọ odidi oko di ahoro.

Ọ̀nà méjì ló ń gbà dé ara igi. Àkọ́kọ́ ni eṣinṣin funfun kan tí kò tó orí píìnì, abẹ́ ewé ló máa ń gbé. Bí ẹ bá gbọn igi ẹ̀gẹ́, ẹ ó rí i tí wọ́n fò sókè bí ìyẹ̀fun láfún tí atẹ́gùn fẹ́. Bó bá fa omi ara igi tó ń ṣàìsàn fún wákàtí bíi mélòó kan, tí kòkòrò náà sì rìn yí inú ara rẹ̀ ká, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lórí igi mìíràn ti tó láti kó o ràn án. Ọ̀nà kejì ni àwa fúnra wa. A kì í gbin ẹ̀gẹ́ ní hóró, igi rẹ̀ là ń gé. Igi tí a gé lára ìyá tó ń ṣàìsàn, ó ti gbé àìsàn náà dání kó tó wọ ilẹ̀. Eṣinṣin kò lè gbé e láti Ìbàdàn dé Ìlọrin lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n èèyàn tó di igi ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀ lè gbé e dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àlejò ni ẹ̀gẹ́, onílé ni àìsàn

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni ibi tí kòkòrò náà ti wá. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ìhà Bràsíìlì ni àwọn Potogí ti gbé e wá ní nǹkan bí 450 ọdún sẹ́yìn, àwọn òpìtàn sì sọ pé àwọn Àgùdà tó padà wálé láti Bràsíìlì kópa nínú bí gàrí yíyan ṣe gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, èèyàn á rò pé ibẹ̀ náà ni àìsàn rẹ̀ ti bá a wá. Rárá o. Mósáíkì yìí kò sí ní Bràsíìlì. Inú àwọn igbó ilẹ̀ Áfíríkà ni kòkòrò náà wà, lára àwọn ewéko tó ti ń bá gbé fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀gẹ́ dé, àwa èèyàn gbìn ín káàkiri, eṣinṣin funfun bà lé e, kòkòrò tó wà lára igbó bá ṣí lọ sínú oko. Àlejò tí kò mọ irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ rí kò ní ohun tó lè fi dá a dúró. Ọdún 1894 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa àìsàn yìí sínú ìwé, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tànsáníà lónìí, nígbà tó ṣì wà lábẹ́ àwọn Jámánì.

Láti ìgbà náà, kòkòrò náà kò dúró sójú kan. Oríṣi mẹ́sàn-án ni wọ́n ti kà ní Áfíríkà, méjì mìíràn sì wà ní Éṣíà, ní ìhà Íńdíà àti Sri Lanka. Èyí tí wọ́n ń pè ní ti Áfíríkà gba ilẹ̀ tó gbòòrò, ṣùgbọ́n láti Côte d'Ivoire dé Kẹ́ńyà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ síra. Ní ìlà oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti rí àwọn tó yàtọ̀ síra jù lọ, ti Kẹ́ńyà, ti Màláwì, ti Sansibá àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí ẹbí kan bá ti ní ọmọ tó yàtọ̀ síra jù, àwọn onímọ̀ sábà máa ń ka ibẹ̀ sí ibi tó ti pẹ́ jù.

Báwo wá ni kòkòrò ṣe ń yí padà? Ẹ wo ilé àwọn aránṣọ. Ọ̀gá gé pátánì lára bébà, ọmọ iṣẹ́ gé tirẹ̀ lára ti ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ mìíràn gé tirẹ̀ lára ti ìyẹn. Bó bá fi máa kan ẹni ogún, ọrùn ti fẹ̀ díẹ̀, apá ti kúrú díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kòkòrò yìí. Inú ewé kan ṣoṣo, àìmọye ẹ̀dà ló ń jáde, lẹ́tà kan ń ṣì níbì kan, òmíràn ń ṣì níbòmíràn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe náà máa ń ba aṣọ jẹ́ ni, kòkòrò tó bá ní i á kú. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe kan á bá ìwọ̀n igi tàbí ìwọ̀n eṣinṣin mu, ẹni tó ní in á sì bí ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá ṣe díẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ló kù nínú oko. Kò sí ẹni tó jókòó gbèrò rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, àwọn onímọ̀ gbà pé kòkòrò tó ní DNA kì í tètè yí padà, pé àwọn tó ní RNA, irú ti ọ̀fìnkìn, ló ń yára. Ní ọdún 2009, Siobain Duffy àti Edward Holmes fi àwọn kòkòrò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kó jọ láti ìlà oòrùn Áfíríkà wéra wọn ní ọdún dé ọdún, wọ́n sì rí i pé ìyípadà ti ẹ̀gẹ́ yá tó ti àwọn oní-RNA náà. Ohun tí baba ńlá wa fi ojú rí nínú oko rẹ̀ kọ́ ni èyí tó wà nínú oko tiwa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ùgáńdà

Àṣìṣe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kéré sí ọ̀nà kejì tó ń gbà yí padà. Ẹ padà sí ilé aránṣọ. Ká ní pátánì oníbàárà méjì wà lórí tábìlì kan náà, ọmọ iṣẹ́ sì ń tòògbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ti ìkíní, ojú rẹ̀ yẹ̀, ó gé àárín rẹ̀ lára ti ìkejì, ó tún padà sí ti ìkíní. Aṣọ tó jáde kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Èyí lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí oríṣi kòkòrò méjì bá pàdé nínú igi ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ní agbègbè Luwero ní àárín gbùngbùn Ùgáńdà, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí mósáíkì kan tó le ju èyí tí wọ́n mọ̀ lọ. Ewé ẹ̀gẹ́ rún tán pátápátá, igi kò ga mọ́, kò sì sí nǹkan kan nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wú u. Ó ń rìn lọ sí gúúsù bí kìlómítà 20 sí 30 lọ́dọọdún, bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ rìn. Oko ọdún yìí dára, ti ọdún tó ń bọ̀ á ti lọ. Àwọn tó ń wò ó ń wá lókèèrè mọ̀ pé ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, kò sì sí ohun tí wọ́n lè ṣe.

Ní ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè náà, lọ́dọ̀ àwọn ará Teso, ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ tí wọ́n gbára lé. Nígbà tó di ọdún 1993 sí 1994, òjò kò rọ̀ dáadáa, ẹ̀gẹ́ tó yẹ kó gbà wọ́n là kò sì sí mọ́ nínú ilẹ̀. Ebi mú wọn, àwọn kan kú. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ pa ẹ̀gẹ́ tì, wọ́n bọ́ sórí ọ̀dùnkún àti ọkà bàbà. Wọ́n ṣírò pé láàrin ọdún 1992 sí 1997, ohun tí Ùgáńdà ń pàdánù tó mílíọ̀nù 60 dọ́là lọ́dọọdún. Ẹ má jẹ́ ká fi owó nìkan wò ó. Ẹ fojú inú wo ìyá tó lọ sóko láti lọ wú ohun tí ọmọ máa jẹ lálẹ́, tó sì wú ebè mẹ́wàá, tí kò rí nǹkan gbé bọ̀.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ka ìwé ìlànà kòkòrò tó ṣe iṣẹ́ yìí, ẹnu yà wọ́n. Ní ọdún 1997, ẹgbẹ́ olùṣèwádìí kan tí Xueping Zhou, Bryan Harrison àti G. W. Otim-Nape, ọmọ Ùgáńdà, wà nínú wọn kéde ohun tí wọ́n rí. Oríṣi ti ìlà oòrùn ni, ṣùgbọ́n àárín ibi tó ń sọ bí wọn yóò ṣe rán aṣọ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, lára oríṣi ti Áfíríkà ló ti wá. Aṣọ tí wọ́n gé lára pátánì méjì.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ọmọ àdàlù yìí kò lé oríṣi ti Áfíríkà jáde, inú igi kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, bí wọ́n bá sì ti wà pọ̀, àìsàn náà á le ju àpapọ̀ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ. Ìwádìí tó tẹ̀lé e ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Igi ẹ̀gẹ́ ní ọlọ́dẹ tirẹ̀, ó ní ọ̀nà tó ń gbà wá ìwé kòkòrò rí, tó sì ń fà á ya. Oríṣi kòkòrò kọ̀ọ̀kan ló ní ọgbọ́n tó ń dá sí ọlọ́dẹ náà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wọn yàtọ̀. Ìkan gbá ọlọ́dẹ mú lọ́wọ́, èkejì gbá a mú lẹ́sẹ̀. Olè méjì tó mọ iṣẹ́ ara wọn kì í jí nǹkan kékeré.

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ibi tó jìn ni. Nígbà tí wọ́n ṣe irú ìwádìí ọlọ́dẹ yẹn, ọ̀kan nínú oríṣi méjì tí wọ́n lò ni èyí tí wọ́n sọ lórúkọ Kamẹrúùnù, òun àti ti Áfíríkà ni àwọn olùṣèwádìí sì ń rí nínú oko ẹ̀gẹ́ ní Nàìjíríà, nígbà mìíràn nínú igi kan ṣoṣo. Ti Kamẹrúùnù yìí fúnra rẹ̀ náà jẹ́ ọmọ àdàlù. Ní ọdún 2010, wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ àdàlù ti Ùgáńdà ti dé Kamẹrúùnù, ibi tí a jọ pààlà.

Igi tó jáde láti Ìbàdàn

Ohun tó gba Ùgáńdà là, ọ̀dọ̀ wa ló ti lọ, ó sì dùn mọ́ mi láti sọ ọ́. Ìtàn náà gùn díẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, ní ibùdó ìwádìí Amani ní Tànsáníà, òyìnbó méjì, Storey àti Nichols, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gẹ́ àti igi rọ́bà kan tó jẹ́ ẹbí rẹ̀ ṣe ìdàpọ̀, nítorí pé mósáíkì kì í tètè mú igi rọ́bà náà. Wọ́n kó hóró àwọn ọmọ wọn ránṣẹ́ sí Moor Plantation ní Ìbàdàn. Níbẹ̀, ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ṣa ọ̀kan jáde tó le, wọ́n sọ ọ́ ní 58308. Gbòǹgbò rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún oko, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára.

Ní ọdún 1971, ọmọ ilẹ̀ Kòríà kan, Sang Ki Hahn, dé sí IITA, ibùdó ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967. Inú ìran 58308 ló ti mú àwọn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní TMS jáde, TMS 30572 sì ni gbajúmọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ yín ti gbin ín láìmọ orúkọ rẹ̀, "ẹ̀gẹ́ àgíríìkì" lásán la máa ń pè é. Inú àwọn ará Ìkirè dùn sí Hahn débi pé wọ́n fi í jẹ oyè Seríkí Àgbẹ̀. Nígbà tí Ùgáńdà ké gbàjarè, àwọn ẹ̀gẹ́ yìí ni wọ́n pín fún àgbẹ̀. Wọ́n sọ 30572 ní Nase 3 lọ́hùn-ún, àwọn àgbẹ̀ sì ń pè é ní Migyera. Díẹ̀díẹ̀ ni gbòǹgbò padà sínú ilẹ̀.

Èkejì ni ti àwọn baba wa. Bí àwọn olùṣèwádìí ṣe ń kó ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ jọ lọ́wọ́ àgbẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n rí àwọn kan tí mósáíkì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni TME 7, tí àwọn àgbẹ̀ Yorùbá ti ń pè ní Ọkọ Ìyàwó kí ẹnikẹ́ni tó fi nọ́ńbà sí i. Láti Tógò ni wọ́n ti rí TME 419 tó gbajúmọ̀ lónìí. Àṣírí agbára wọn wà ní ibì kan ṣoṣo nínú ìwé ìlànà ẹ̀gẹ́ náà, wọ́n pe ibẹ̀ ní CMD2. Ọdún 2022 ni wọ́n tó kéde ohun tó jẹ́ gan-an: àyípadà kékeré kan ni, nínú ẹ̀rọ tí ẹ̀gẹ́ fi ń ṣe ẹ̀dà DNA tirẹ̀.

Èmi kì í ṣe onímọ̀, ṣùgbọ́n ibí yìí ló ń kọ mí lóminú. Bí gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò bá ra àgádágodo kan náà, olè kan tó bá mọ ọ̀nà rẹ̀ ti mọ ti gbogbo ilé. A ti rí bí kòkòrò yìí ṣe ń yára gé pátánì tuntun. Nítorí náà, àgbàlagbà tó bá ṣì ní oríṣi ẹ̀gẹ́ àtijọ́ méjì tàbí mẹ́ta ní igun oko, tí ara wọn sì dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà wọ́n tu nítorí àgíríìkì.

Àìsàn kejì tún wà tí mo gbọ́dọ̀ dárúkọ. Ó ń sọ inú gbòǹgbò di aláwọ̀ ilẹ̀, á le gbagidi, kò sì ṣe é jẹ. Ewé lè má fi bẹ́ẹ̀ fi nǹkan hàn, ọjọ́ tí wọ́n bá wú u ni àṣírí á tú. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á yàtọ̀ sí ti mósáíkì, RNA ni ìwé tirẹ̀. Tànsáníà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1936, etí òkun ló sì wà fún ọjọ́ pípẹ́, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè ní Ùgáńdà ní nǹkan bí ọdún 2004, ó sì ti wọ Kóńgò. Ní 2015, àwọn olùṣèwádìí dá ètò WAVE sílẹ̀ lábẹ́ Justin Pita ní Côte d'Ivoire, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀, láti máa ṣọ́ ọ̀nà kí ó má baà dé ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ ní ìlà oòrùn Áfíríkà, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má gbé igi ẹ̀gẹ́ bọ̀ wálé, bó ti wù kó dára tó. Ní ọdún 2015, wọ́n rí mósáíkì ti Sri Lanka ní Kàmbódíà, kò pẹ́ tó fi dé Fiẹtnámù àti Tàílándì. Igi tí àwọn èèyàn ń tà fúnra wọn ló gbé e rìn jìnnà bẹ́ẹ̀.

Kí la lè ṣe nílé? Ìgbà tí ewé ṣì wà lórí igi ni kí ẹ ti yan èyí tí ẹ máa gbìn, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ti gé e dì ní ìdìpọ̀, torí igi tí kò léwé kò lè jẹ́rìí. Ẹ so òwú pupa mọ́ èyí tí ewé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbìn ín, ẹ máa lọ wò ó lóṣù àkọ́kọ́ dé ìkẹta. Bí ewé àkọ́kọ́ tó yọ nísàlẹ̀ bá ti ká jọ, inú igi tí ẹ gbìn ni àìsàn náà ti wá. Ẹ fà á tu, kí ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá dára, tó jẹ́ pé ti òkè nìkan ló ká, eṣinṣin ló gbé e wá láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ wo oko aládùúgbò, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má ra oògùn kòkòrò láti fi pa eṣinṣin náà. Agbára rẹ̀ kò ká mósáíkì, àwọn ọmọ tó ń ṣeré lẹ́yìnkùlé ló máa fa èéfín rẹ̀ sí imú. Bí ẹ bá fẹ́ igi tuntun, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìpínlẹ̀ yín tàbí ní IITA.

Èmi náà tún ebè mi kọ ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ìyá mi ló yan igi fún mi lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n dúró nínú oko ẹ̀gbọ́n wọn kan, wọ́n ń fi ọ̀pá tọ́ka: eléyìí, eléyìí, kì í ṣe tọ̀hún. Ọkùnrin ẹlẹ́rọ kò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ mọ́ nígbà tí mo dé, àwọn ọmọ ru ẹrù lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú ogójì ebè, mẹ́ta ló ká ewé láàrin oṣù kejì, gbogbo rẹ̀ láti òkè. Mo ti fà wọ́n tu, mo sì ti lọ kí aládùúgbò mi.